Katakata tó ti dákẹ́ lọ́jọ́ pípẹ́: ẹ fọwọ́ yí i kí ẹ tó fi sítátà yí i

Sí Olóòtú,

Mo kí yín kú iṣẹ́. Mo ka ìmọ̀ràn tí ẹ tẹ̀ jáde fún àwọn tó ní katakata kékeré àtijọ́ tí wọ́n ti gbé tì fún ọdún púpọ̀, inú mi sì dùn pé ẹnìkan tilẹ̀ rántí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí gbogbo ènìyàn ń sọ̀rọ̀ nípa tuntun. Púpọ̀ nínú ohun tí ẹ kọ ló dára. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan wà níbẹ̀ tí n kò lè kà kí n sì dákẹ́, èyí tó ní bí sítátà kò bá jí i, kí a fi ọkọ̀ mìíràn fà á, pé bí táyà bá ti ń yí, dandan ni kí ẹ́ńjìnnì jí. Mo bẹ̀ yín, ẹ bá wa yí gbólóhùn yẹn padà, nítorí ibi tí ó máa ń gbé ènìyàn dé, ó ṣojú mi kòró.

Katakata àkọ́kọ́ tí mo ní wà níta gbangba fún ọdún mẹ́ta. Sàléńsà rẹ̀ dúró ṣánṣán sókè, kò sì sí ohunkóhun tí a fi dé e lórí. Gbogbo òjò tó ń rọ̀ ló ń gba ẹnu páìpù yẹn wọlé, díẹ̀ nínú omi náà sì gba ojú fáàfù (ilẹ̀kùn kékeré tí afẹ́fẹ́ àti èéfín ń gbà) tó ṣí sílẹ̀ kọjá sínú sílíńdà, ihò tí irin písítìn ti ń lọ sókè-sódò nínú ẹ́ńjìnnì, ó jókòó síbẹ̀. Mẹkáníìkì tí mo pè kò wo ibẹ̀ rárá. Ó so ẹ̀wọ̀n mọ́ ọn, ó ní kí n gùn ún, kí n fi í sí jíà kẹta, kí n sì ju kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ bí ọkọ̀ tó ń fà á bá ti ń sáré díẹ̀. Mo ṣe bí ó ti wí. Ìró kan ṣoṣo ni mo gbọ́, gbì, bí ìgbà tí ènìyàn fi òòlù ńlá lu irin, táyà ẹ̀yìn méjèèjì sì dúró gbagidi, wọ́n ń wọ́ lórí ilẹ̀ dípò kí wọ́n máa yí. Nígbà tí a tú ẹ́ńjìnnì náà palẹ̀, a bá kọ́ńrọ́ọ̀dù kan, irin tó so písítìn mọ́ kíráńkì tó ń yí nísàlẹ̀, tó ti tẹ̀ bí ọrun. Afẹ́fẹ́ ṣeé fún pọ̀, omi kò ṣeé fún pọ̀. Bí písítìn bá ń gòkè bọ̀ tó sì bá omi pàdé nínú sílíńdà, ọ̀kan nínú wọn gbọ́dọ̀ yẹ̀ fún èkejì, omi kò sì ní yẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ọwọ́ ni a fi yí ẹ́ńjìnnì yẹn, yóò kàn kọ̀ fún wa ni, a ó sì béèrè ìdí tó fi kọ̀.

Katakata tí mo ń lò báyìí jẹ́ Massey Ferguson 135, irú èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní ọdún 1964, tó ń lo ẹ́ńjìnnì Perkins onísílíńdà mẹ́ta tí kò ju nǹkan bíi lítà 2.5 lọ. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi wà lábẹ́ àtíbàbà kí n tó rà á. Kò sí kọ̀ǹpútà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí púlọ́ọ̀gì tó ń ta iná. Bí afẹ́fẹ́ bá ń wọlé, tí epo mímọ́ bá ń dé ibi tó yẹ, tí ríìngì (òrùka irin ara písítìn) àti fáàfù sì lè sé afẹ́fẹ́ náà mọ́ kí písítìn fún un pọ̀ títí yóò fi gbóná, kò ní ìdí tí kò fi ní jí. Ọwọ́ irin mẹ́ta tí Harry Ferguson, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lára katakata yìí, fi sí ẹ̀yìn katakata ìgbà láéláé náà ló ṣì wà ní ẹ̀yìn ti òde òní, nítorí náà ohun èlò ìtúlẹ̀ kò ní í wọ́n ọn. Ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ yẹ fún sùúrù ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta.

Nọ́sùlù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àwọn ẹnu tó ń fọ́n epo sínú sílíńdà, ni mo kọ́kọ́ tú kúrò, kí ohunkóhun tó bá wà nínú sílíńdà lè rí ọ̀nà jáde, kí ó má sì sí ìfúnpọ̀ tí yóò máa bá ọwọ́ mi jà. Mo da dísẹ́ẹ̀lì tí mo pò mọ́ ọ́ìlì fífẹ́lẹ́ díẹ̀díẹ̀ sí ihò kọ̀ọ̀kan, mo fi aṣọ mímọ́ bò wọ́n, mo sì fi í sílẹ̀. Ìdí tí a fi ń ṣe èyí ni pé nígbàkigbà tí ẹ́ńjìnnì bá dúró, ó kéré tán sílíńdà kan yóò ní fáàfù tó ṣí sílẹ̀, afẹ́fẹ́ tútù yóò máa gba ibẹ̀ wọlé, ríìngì yóò sì dípẹtà mọ́ ara ògiri sílíńdà yẹn. Ẹni tó bá fi agbára yí i ní ọjọ́ kan náà yóò ṣẹ́ ríìngì. Ní ọjọ́ kejì mo fi sípánà gígùn sí nọ́ọ̀tì iwájú kíráńkì, jíà wà ní òfo, mo tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, kò mira. Ọjọ́ kẹta, bákan náà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹrin mo fi àmì ẹfun sí ara púlì, mo tẹ sípánà, àmì náà sì kúrò lójú kan ní ìwọ̀n ìbú ìka kan. N kò fi ipá sún un síwájú. Mo dá a padà, mo tún tẹ̀ ẹ́, mo tún dá a padà, bí ìgbà tí ènìyàn ń mi ilẹ̀kùn tó ti lẹ̀ mọ́ férémù rẹ̀, títí ó fi yí po lẹ́ẹ̀kan. Omi aláwọ̀ ìpẹtà tó ta jáde láti ihò kejì kò tó ìkúnwọ́ kan, síbẹ̀ mo rántí kọ́ńrọ́ọ̀dù yẹn.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbójú fò lẹ́yìn èyí. Ẹ ṣí ìdérí orí ẹ́ńjìnnì, kí ẹnìkan máa yí i lọ́wọ́, kí ẹlòmíràn máa wo àwọn fáàfù. Fáàfù tó wọlẹ̀ gbọ́dọ̀ padà sókè fúnra rẹ̀. Èyí tó bá dúró sísàlẹ̀ ti há nínú ilé rẹ̀, bí a bá sì fi sítátà yí ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀, písítìn lè gbá a lórí. Ọ̀kan há nínú tèmi. Mo fi ọ́ìlì rin ín, mo ń fi òòlù onígi kàn án jẹ́jẹ́, kò sì pé wákàtí kan tó fi gbọ́ràn.

Ọ́ìlì kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀: èyí tó ti wà níbẹ̀ láti ọdún mẹ́sàn-án kò ṣeé lò, ẹ dà á nù. Ṣùgbọ́n ẹ wo ó kí ẹ tó dà á nù, nítorí omi wúwo ju ọ́ìlì lọ, òun ni yóò kọ́kọ́ jáde bí ẹ bá tú bóòtì ìsàlẹ̀. Èyí tó bá funfun bíi wàrà ti pò mọ́ omi, ó sì yẹ kí ẹ mọ ibi tí omi náà gbà wọlé. Lórí irú katakata tèmi, ọ́ìlì jíà náà ló ń gbé ọwọ́ ẹ̀yìn sókè, nítorí náà bí omi bá wọ inú jíà, ìgbéga ẹrù náà yóò fara gbá a.

Epo ni mo fẹ́ kí ẹ fún láyè jùlọ bí ẹ bá tún kọ nípa ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ibẹ̀ ni iṣẹ́ máa ń há sí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń da dísẹ́ẹ̀lì tuntun lé ti àtijọ́ lórí. Inú táńkì tó ti dúró fún ọdún púpọ̀, omi máa ń kóra jọ sí ìsàlẹ̀, àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí a sì máa gbé ibi tí omi àti dísẹ́ẹ̀lì ti pàdé, wọ́n ń jẹ epo náà, wọ́n ń bí síi. Ohun tí mo fà jáde láti ìsàlẹ̀ táńkì tèmi dúdú, ó ń fà bíi kẹ̀lẹ̀bẹ̀, ó sì di páìpù pa pátápátá. Mo tú táńkì náà sílẹ̀, mo fi dísẹ́ẹ̀lì mímọ́ ṣan án lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo fẹ́ afẹ́fẹ́ gba inú gbogbo páìpù, mo sì pààrọ̀ fílítà. Ẹ má gbìyànjú láti fọ fílítà àtijọ́. Ìdọ̀tí tí ẹ rò pé ẹ fọ̀ kúrò ni yóò dé inú pọ́ǹpù.

Lẹ́yìn náà ni kí a lé afẹ́fẹ́ jáde, iṣẹ́ tí kò ní ọ̀nà àbùjá. Pọ́ǹpù ńlá tó ń ti epo sí nọ́sùlù kò lè ti afẹ́fẹ́ gẹ́gẹ́ bí ó ti ń ti epo, ìwọ̀n bíńtín ló sì tó láti mú kí sítátà máa pariwo lásán. Lára pọ́ǹpù kékeré tó ń fa epo láti táńkì, irin pẹlẹbẹ kan wà tí a ń fi ìka tẹ̀. Mo tú sukúrù orí fílítà díẹ̀, mo ń tẹ irin yẹn. Ìfófòó ló kọ́kọ́ jáde, ó ń hó yéèyéè, lẹ́yìn náà epo tó mọ́ láìsí ìfófòó, mo sì dè é. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ sí sukúrù ara pọ́ǹpù ńlá. Lẹ́yìn tí mo dá nọ́sùlù padà pẹ̀lú òrùka bàbà tuntun lábẹ́ wọn, mo tú nọ́ọ̀tì orí páìpù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta díẹ̀, kí sítátà lè ti ìyókù afẹ́fẹ́ jáde. Níbí yìí, kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni má sún mọ́ ẹnu nọ́sùlù tó ń fọ́n epo, nítorí agbára rẹ̀ tó láti gún awọ ara kí ó sì ti epo náà wọ inú ẹran; ojú ọgbẹ́ náà lè kéré bí ibi tí abẹ́rẹ́ gún, ilé ìwòsàn kíákíá ló gbà. Bí ẹ bá sì ti lé afẹ́fẹ́ tán tí epo kò dé nọ́sùlù, ó ṣeé ṣe kí epo tó gbẹ ti lẹ irin kékeré kan mọ́ inú pọ́ǹpù ńlá. Ẹ gbé pọ́ǹpù náà lọ fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pọ́ǹpù lọ. Èmi tí mo ń fọwọ́ kan ohun gbogbo, n kì í ṣí ìyẹn.

Ti iná kò le. Bátìrì fóltì 12 tó kún máa ń fi bíi 12.6 hàn nígbà tó bá sinmi. Èyí tó ti ṣófo fún ọdún mélòó kan kì í sábà gba agbára mọ́. Ẹ fi sáńpépà họ orí wáyà tó kan ara irin katakata títí yóò fi dán. Ẹ wo gbogbo wáyà pẹ̀lú, nítorí eku fẹ́ràn rọ́bà ara wọn. Níwájú rédíétọ̀ tèmi, àbọ̀ àpò kan ni ìtẹ́ eku tí mo kó jáde.

Ní ọjọ́ tí a fẹ́ jí i, ìta gbangba ni kó wà nítorí èéfín. Mo fa ohun tí a fi ń pa ẹ́ńjìnnì, mo dá a dúró síbẹ̀, mo sì fi sítátà yí i fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, mo sinmi, mo tún yí i, títí ọwọ́ aago ọ́ìlì fi kúrò nílẹ̀. Ìgbà náà ni mo tó fún un ní epo. Mo ní pákó pẹlẹbẹ kan lọ́wọ́ tí ó dé ojú ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń mí, nítorí bí pọ́ǹpù bá há sí ibi tí epo ti pọ̀, ẹ́ńjìnnì lè sáré kọjá ààlà láìgbọ́ ti ẹnikẹ́ni, afẹ́fẹ́ tí a bá dí mọ́ ọn nìkan ni yóò sì pa á. Kì í ṣe ọwọ́ ni a fi ń dí i. Ìmọ̀ràn yín nípa kí a fọ́n éétà, omi kẹ́míkà tó máa ń tètè gbiná, sí ẹnu ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń mí náà yẹ ní àtúnwò. Ọ̀pọ̀ irú ẹ́ńjìnnì yìí ní ohun tó ń fi iná mú afẹ́fẹ́ gbóná lẹ́nu ọ̀nà, bí éétà bá sì bá iná yẹn pàdé, ó lè bú gbàù.

Èéfín funfun ló kọ́kọ́ jáde, èyí tí í ṣe epo tí kò tíì jó. Sílíńdà kan mú un, lẹ́yìn náà méjì, ẹ́ńjìnnì ń gbọ̀n bí ẹni òtútù ń mú, títí ẹ̀kẹta fi dáhùn tí ìró rẹ̀ sì gún. Ó kù kílọ́ọ̀ṣì, tó ti lẹ̀ mọ́ fáyíwìlì, àgbá irin ńlá tó ń yí lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì. Mo fi igi há pẹ́dà rẹ̀ sísàlẹ̀ mọ́jú, ó sì já fúnra rẹ̀ nígbà tí ara ẹ́ńjìnnì gbóná. N kò jẹ́ kó rìn kí n tó dán búrékì méjèèjì wò.

Lẹ́yìn wákàtí márùn-ún iṣẹ́, mo da ọ́ìlì tuntun náà nù. Ó ti dúdú kirikiri. Nísinsin yìí, bí mo bá gbé e tì, agolo kan wà tí mo fi ń dé orí sàléńsà rẹ̀. Mo fi okùn pupa so agolo náà mọ́ ìtọ́kọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ jókòó máa bá okùn náà pàdé kí ó tó fọwọ́ kan sítátà.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Àgbẹ̀ kan tó ń ka ìwé ìròyìn yín