Ẹ jẹ́ kí ará ààfin sọ ìtàn ààfin

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá àyè fún ọ̀rọ̀ mi yìí nínú ìwé ìròyìn yín. Láti Sátidé tó kọjá ló ti ń jẹ mí lọ́kàn, ìyàwó mi sì ti ní kí n lọ sọ ọ́ fún ẹlòmíràn, pé etí òun ti kún.

Olùkọ́ ìtàn ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, Ògbómọ̀ṣọ́ níbí ni mo sì fìdí kalẹ̀ sí. Àwọn ọmọ-ọmọ mi mẹ́ta wá lo ọlidé lọ́dọ̀ wa láti Èkó. Mo rí ìkéde kan lórí WhatsApp pé ilé-iṣẹ́ kan ń kó èrò lọ wo Ààfin Ọ̀yọ́: àlọ àtàbọ̀, oúnjẹ ọ̀sán, afinimọ̀nà, gbogbo rẹ̀ wà nínú owó. N kò ní dárúkọ wọn. Mo san owó èèyàn mẹ́rin, mo sì lọ gba agbádá mi lọ́wọ́ alágbàfọ̀, nítorí ẹni tó ń lọ sí Ọ̀yọ́ kì í múra bí ẹni tó ń roko. Ajíṣebí-Ọ̀yọ́ là á rí, Ọ̀yọ́ kì í ṣe bí ẹnì kan.

Aago méje ni wọ́n dá fún wa. Ó ku díẹ̀ kí aago mẹ́sàn-án lù ká tó gbéra. Ojú ọ̀nà yẹn, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: trélà níwájú, trélà lẹ́yìn. Nígbà tí a fi máa bọ́ọ́lẹ̀ níwájú ààfin, aago mọ́kànlá ààbọ̀ ti kọjá, afinimọ̀nà wa sì ti ń wo ọwọ́.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó mọ́ tónítóní ni, ó gbé gbohùngbohùn lọ́wọ́, ó sì ń sọ Òyìnbó bí ẹni ń mumi. N kò bínú sí i, iṣẹ́ tí wọ́n rán an ló ń jẹ́. Ṣùgbọ́n àwa mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n tó wà nínú ọkọ̀ yẹn, Yorùbá pọ́ńbélé ni wá. Òyìnbó kan ṣoṣo kò sí láàárín wa, síbẹ̀ Òyìnbó ló fi bá wa sọ̀rọ̀ láti ẹnu géètì wọlé. Ìyá àgbà kan tó dúró tì mí ń fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi ní ìhà pé, "Bàbá, kí ló wí?" Bí mo ṣe di ògbufọ̀ nìyẹn, n kò sì gba kọ́bọ̀.

Òyìnbó yẹn gan-an kò tíì dùn mí tó ohun tó ń fi í sọ. Ó nàka sí inú ọgbà, ó ní ibẹ̀ ni Ṣàngó jókòó sí nígbà tó jọba. Mo rò pé etí mi ló dàrú. Ó tún un sọ. Ọmọ-ọmọ mi tó kéré jù, ọmọ ọdún mẹ́jọ, na ọwọ́ sókè bí ẹni tó wà ní kíláàsì, ó bi í bóyá ibẹ̀ náà ni Ṣàngó ti ń tu iná lẹ́nu. Afinimọ̀nà mirí, ó ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹ̀yin èèyàn mi, Ọ̀yọ́-Ilé ni Ṣàngó ti jọba, lókè lọ́hùn-ún, níbi tó ti di igbó lónìí nínú Old Oyo National Park. Ibẹ̀ náà ni Clapperton, òyìnbó arìnrìn-àjò, ti bá Aláàfin Májọ̀tú lórí ìtẹ́ ní 1826. Ogun ló tú ìlú yẹn láàárín 1830 sí 1840, kí Àtìbà ọmọ Abíọ́dún tó sọ Àgọ́-Ọ̀jà di Ọ̀yọ́ tí a mọ̀ yìí. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi ń pè é ní Àgọ́-d'Ọ̀yọ́. Ààfin tí a lọ wò yìí, kò tíì pé igba ọdún. Ṣé àbùkù wá nìyẹn? Ìlú tí ogun fọ́ pátápátá, tí wọ́n gbé oyè rẹ̀, òrìṣà rẹ̀, orúkọ rẹ̀ àti ètò ààfin rẹ̀, tí wọ́n tún un dá sórí ilẹ̀ mìíràn, ta ló gbọ́ irú rẹ̀ tí kò ní yanu? Èèyàn á fi irú ìtàn bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, á lọ máa pa irọ́ tí kò dùn tó o.

A kọjá lábẹ́ kọ̀bì, kò sọ nǹkan kan. Kọ̀bì o! Igun ilé tó yọ síta lára ògiri, tí òpó gbé dúró, tí òrùlé tirẹ̀ dá yọ sókè. Ilé ọba la fi ń mọ̀. Ìjòyè tó bá lọ dán irú rẹ̀ wò nílé ara rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ilé kíkọ́, ó ti di ti ẹni tó ń bá ọba dupò. Gbogbo wa rìn kọjá lábẹ́ rẹ̀ bí ẹni kọjá lábẹ́ àtíbàbà, nítorí afinimọ̀nà ti sáré lọ síbi tí a ó ti ya fọ́tò. Fọ́tò yẹn gan-an gbà tó ogún ìṣẹ́jú. Àwọn kan ya tiwọn ní ẹ̀ẹ̀mẹrin, pẹ̀lú dígí, láìsí dígí.

Nígbà tí a dé ìhà ibi tí àwọn obìnrin ààfin ń gbé, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ọba Yorùbá fẹ́ràn ìyàwó púpọ̀. Àwọn ọkùnrin inú ọkọ̀ wa bá a rẹ́rìn-ín. Ó parí. Ọmọ-ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mọ́kànlá, fà mí láṣọ, ó ní, "Bàbá àgbà, ṣé kí wọ́n kàn jẹ́ ìyàwó nìkan ni iṣẹ́ wọn?" Inú mi dùn, inú mi sì bàjẹ́. Mo fà á sẹ́yìn díẹ̀, mo sọ fún un nípa Ìyá Kéré, tó jẹ́ pé òun ló ń gbé adé lé Aláàfin lórí lọ́jọ́ ìwúyè, tí ohun ọ̀ṣọ́ ọba sì wà níkàáwọ́ rẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn àgbà fi sọ pé bí ọba bá ṣẹ̀ ẹ́, ó lè ní òun ò kó wọn sílẹ̀. Mo sọ ti Ìyá Nàsó, tí ọ̀rọ̀ Ṣàngó inú ààfin wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo wá kan Ìyámọdẹ, tó ń ṣọ́ Bàrà, níbi tí àwọn Aláàfin tó ti wàjà wà. Bí ọba bá dé iwájú rẹ̀, ọba ni yóò kúnlẹ̀, yóò sì pè é ní Baba.

"Ọba kúnlẹ̀ fún obìnrin?"

"Ọba kúnlẹ̀."

Ó dákẹ́ títí a fi dé ẹnu géètì. Mo mọ irú ìdákẹ́ yẹn, ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi ń wá a lójú àwọn ọmọ kíláàsì.

Ẹnu géètì yìí ni ọ̀rọ̀ mi gan-an wà. Bàbá onílù kan jókòó sórí àpótí lábẹ́ ibòji, gángan rẹ̀ wà lábẹ́ abíyá. Afinimọ̀nà ti kìlọ̀ fún wa nínú ọkọ̀ pé ká má ṣe dá àwọn onílù lóhùn, pé owó ni wọ́n ń wá. Òótọ́ ni, owó ni wọ́n ń wá. Èmi náà, owó ni mo gbà fún ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n yẹn, n kò kọ́ ẹnikẹ́ni lọ́fẹ̀ẹ́. Ọmọ-ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́jọ yẹn, dọ̀bálẹ̀ fún bàbá náà (ìyá rẹ̀ tọ́ ọ dáadáa). Bàbá bi í níbi tó ti wá. Ó ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Bàbá ò sọ̀rọ̀. Ó fún ọṣán gángan mọ́ra, ó sì fi kọ̀ǹgọ́ wí i: Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété, níbi tí wọ́n gbé ń jẹ ọkà kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ yangan. Ìyá àgbà tó ń gún mi ní ìhà láàárọ̀ ti gbé gèlè rẹ̀ kalẹ̀, ó ń jó. Àgbà nínú àwọn ọmọ-ọmọ mi, tí ojú rẹ̀ kò tíì kúrò lára fóònù láti ilé, yọ okùn létí. Onílù wá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún wọn bí wọ́n ṣe mú Ògúnlọ́lá, ọdẹ tó tẹ ìlú wa dó, wá síwájú Aláàfin, bó ṣe gbọ́ pé jagunjagun kan tó ń jẹ́ Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ ń da Ọ̀yọ́ láàmú, bó ṣe ta á lọ́fà, tó gé orí rẹ̀, tó gbé e fún ọba, àti pé nínú orí tó gbé yẹn la ti rí orúkọ ìlú wa. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ní, "Ṣé inú ààfin yìí ló gbé orí náà wá?" Bàbá ní, "Rárá o, Ọ̀yọ́-Ilé ni. Ilé àkọ́kọ́ nìyẹn. Ilé kejì la wà yìí." Kò lò ju èémí kan lọ. Kò ní gbohùngbohùn.

Ó tún bọ́ sórí òrùlé. Ó ní kí páànù tó dé, koríko bẹẹrẹ ni wọ́n fi ń bo ààfin, àti pé àwọn ìlú tó ń sin Ọ̀yọ́ ló ń gé e, tí wọ́n ń dì í nídìí-nídìí, tí wọ́n ń rù ú wá lọ́dọọdún. Ìdí tí Ọ̀yọ́ fi ń ṣe ọdún Bẹẹrẹ nìyẹn. Ìlú tí kò bá gbé koríko tirẹ̀ wá, ọba ti mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Mo ti kọ́ ọmọ ní ìtàn ìjọba Ọ̀yọ́ títí ọ̀fun mi fi gbẹ, mo fa máàpù sójú pátákó, n kò rántí rí pé èèyàn lè fi ìdì koríko ṣàlàyé bí ìlú kan ṣe ń sin ìlú kejì. Ibẹ̀ la wà tí afinimọ̀nà fi fọn fèrè. Àkókò ti tó.

Ọmọ ilé-ìwé mi àtijọ́ kan tó ń ṣòwò ní Ṣáínà fi fọ́tò ààfin ńlá tó wà ní Beijing ránṣẹ́ sí mi lọ́jọ́sí. 1420 ni wọ́n kọ́ ọ parí, ọba mẹ́rìnlélógún ló sì jẹ níbẹ̀. Àwọn náà ní ìwẹ̀fà, àwọn ọkùnrin tí wọ́n tẹ̀ lọ́dàá láti máa sin ọba láàfin, bíi tiwa. Èyí tó jọba kẹ́yìn sọ̀kalẹ̀ lórí oyè ní 1912, wọ́n sì ṣí ibẹ̀ sílẹ̀ fún aráyé ní 1925. Ọmọ náà ní ẹ̀rọ kékeré kan ni wọ́n fi kọ́ òun lọ́rùn, òun ló ń sọ ìtàn sí òun létí bí òun ṣe ń rìn. N kò bá wọn wí. Ààfin tí ọba ti kúrò níbẹ̀ tó ọgọ́rùn-ún ọdún, ta ni kí ó sọ̀rọ̀ bí kò ṣe ẹ̀rọ? Ṣùgbọ́n Ọ̀yọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ ilé-ìwé girama ni mí nígbà tí wọ́n yan Ọba Làmídì Adéyẹmí ní 1970, mo ti darúgbó kí wọ́n tó wàjà ní 2022, Ọba Akeem Owóadé sì ti wà lórí ìtẹ́ báyìí. Ilé tí wọ́n ń gbé ni. Arọ́kin, àwọn tó ń fi orí pa ìtàn ọba mọ́, ṣì ń jẹ́ arọ́kin, Ológbò ni oyè olórí wọn, ọmọ ń gbọ́ ìtàn lẹ́nu baba. Àwa wá gbé gbohùngbohùn gba iwájú wọn kọjá.

Ohun tí mo ń bẹ̀ ẹ̀yin tí ẹ ń kó èrò kò pọ̀. Ẹ lọ bá àwọn ará ààfin ṣe àdéhùn. Ẹ san owó arọ́kin kan àti onílù kan fún wákàtí méjì, kí afinimọ̀nà yín máa túmọ̀ fún ẹni tí kò bá gbọ́ Yorùbá. Iṣẹ́ gidi ni ìyẹn náà, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀. Ẹ mú èrò gba inú ọjà Àkẹ́sán wọlé, ẹ má gbé ọkọ̀ kọjá rẹ̀. Ọjà ọba ni, iwájú ààfin ló kọjú sí. Iná jó o ní oṣù kìíní ọdún 2020, wọ́n tún un kọ́, èèyàn sì ṣì kún ibẹ̀. Iṣẹ́ àwọn tó ń fín igbá ní Ọ̀yọ́ nìkan tó ohun tí ọmọdé lè dúró wò fún wákàtí kan. Ibi tí wọ́n ti mú wa lọ ra nǹkan ìrántí, ife oníke ni wọ́n ń tà.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ nìkan ni mi ò lè gbójú fò. A wá sí Ọ̀yọ́, òórùn gbẹ̀gìrì àti ewédú ń gba ojú fèrèsé ọkọ̀ wọlé, wọ́n wá pín ráìsì tútù fún wa nínú ike. Ẹran inú tèmi, mo gbé e fún ajá kan ní Àkẹ́sán. Ó gbóòórùn rẹ̀, ó wo ojú mi, ó bá tirẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó ń bọ̀, kí àwọn ọmọ tó padà sí Èkó, a ó tún lọ. Mo ti bá aládùúgbò mi tó ní bọ́ọ̀sì kékeré sọ̀rọ̀. Aago mẹ́fà àárọ̀ la ó gbéra, ẹni tó bá pẹ́, a ó fi í sílẹ̀. Nọ́ńbà bàbá onílù wà lórí fóònù mi, ó sì ti ṣèlérí láti bá wa wá arọ́kin kan. Àyè èèyàn mẹ́rin ló ṣẹ́kù. Fẹ́ńdọ̀ tó ń ta ìwé ìròyìn yín lẹ́bàá ilé ìfìwéránṣẹ́ mọ ilé mi. Ẹni tó bá fẹ́ bá wa lọ yóò san owó mọ́tò tirẹ̀, yóò sì dá sí owó onílù. Ní ọ̀sán, àmàlà ni.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,

Olùkọ́ ìtàn tó ti fẹ̀yìn tì,
Ògbómọ̀ṣọ́