Ẹ̀jẹ́ wákàtí kan ló ń pa àdúrà ìkọ̀kọ̀

Ẹ̀yin Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́. Àwa Kristẹni ilẹ̀ yìí ò kẹ̀rẹ̀ nídìí àdúrà àgbájọ: ìṣọ́ òru, òkè àdúrà, ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mọ́kànlélógún, gbogbo rẹ̀ la mọ̀ ọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n kí èèyàn ti ilẹ̀kùn mọ́ra, kó dá nìkan bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́, láìsí aṣáájú tó ń pe kókó àdúrà, ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀. Kì í ṣe pé wọ́n ya ọ̀lẹ. Ẹ̀jẹ́ tí wọ́n jẹ́ ló wúwo jù.

Ẹni tí kò dá gbàdúrà fún ìṣẹ́jú márùn-ún rí, òun náà ni yóò jẹ́jẹ̀ẹ́ lálẹ́ ọjọ́ tí ọdún ń parí lọ pé aago mẹ́rin ìdájí lòun ó máa jí, wákàtí kan gbáko lòun ó sì máa lò. Ọjọ́ kìíní, ó ṣe é. Ọjọ́ kẹta, oorun gbé e lọ. Ọjọ́ karùn-ún, ìtìjú ò jẹ́ kó kúnlẹ̀ mọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni kó fi bẹ̀rẹ̀, kó má sì fi ẹyọ kan kún un títí oṣù kan yóò fi pé.

Kó so ó mọ́ nǹkan tó ti mọ́ ọn lára. Bó bá ti fọ eyín tán, àdúrà ló kàn, kó tó fọwọ́ kan fóònù. Ẹni tó ń fi fóònù jí, kó tó pa ìró rẹ̀, WhatsApp á ti gbà á lálejò. Ẹ ra aago kékeré, kí fóònù sùn sí pálọ̀. Dáníẹ́lì ń kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́ nínú yàrá òkè rẹ̀, Pétérù gun orí ilé lọ lọ́sàn-án gangan, Jésù jáde lọ síbi aṣálẹ̀ kílẹ̀ tó mọ́. Kò pọn dandan kó jẹ́ ìdájí, tí wákàtí àti ibì kan bá ti wà. Nọ́ọ̀sì tó ṣiṣẹ́ òru lè lo ìgbà tó bá délé láàárọ̀. Ìyálọ́mọ lè lo ìgbà tí ọmọ bá ń mu ọyàn. Bí ẹni mẹ́fà bá ń sùn nínú yàrá kan, ìyẹ̀wù tí Mátíù 6:6 wí lè jẹ́ ìdí ààrò kí wọ́n tó dáná, tàbí abẹ́ aṣọ ìbora.

Bíbélì ni kó kọ́kọ́ ṣí. Ẹnu tí kò tíì gbọ́ nǹkan kan, ìdààmú àná nìkan ló máa sọ. Sáàmù kan lójúmọ́ tó, kó kà á sétí ara rẹ̀. Sáàmù 119 ní ẹsẹ 176, àmọ́ ẹsẹ mẹ́jọ mẹ́jọ la tò ó, ọjọ́ 22 ni yóò gbà. Gbogbo ìwé náà á wá jẹ́ ọjọ́ 171, kò tó oṣù mẹ́fà. Lẹ́yìn ìyẹn, kó dárúkọ ohun mẹ́ta tó ṣẹlẹ̀ lánàá, kó dúpẹ́ fún wọn. "Mo dúpẹ́ fún ohun gbogbo" kì í pẹ́ di àkọ́sórí. Kó jẹ́wọ́ èyí tó ṣẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ ló kàn, òun ló sì máa ń gbé gbogbo àsìkò mì. Ẹ wo Àdúrà Olúwa: orúkọ Rẹ̀, ìjọba Rẹ̀, ìfẹ́ Rẹ̀ ló ṣáájú, oúnjẹ òòjọ́ ṣe ipò kẹrin. Ọ̀tá ilé bàbá ò sí níbẹ̀ rárá, káwọn wòlíì wa má bínú. Àwọn tó ṣẹ̀ wá, tá a ní ká dárí jì, ló wà níbẹ̀.

Ìwé pẹlẹbẹ kan àti bírò wúlò gan-an. Ká kọ orúkọ márùn-ún péré sábẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, èèyàn 35 lọ́sẹ̀ nìyẹn, ká má bàa máa sáré bíi tíṣà tó ń pe rẹ́jísítà. Bí ọkàn bá sì sá lọ sídìí owó iléèwé, ká kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé náà, ká padà. Èrò tí a kọ sílẹ̀ á jókòó jẹ́ẹ́. Èyí tí a lé dànù á tún yọjú. Ní ti oorun, ẹni tó bá kúnlẹ̀ tó gborí lé bẹ́ẹ̀dì ti fọwọ́ ara rẹ̀ pè é. Kó dìde, kó máa rìn, kí etí rẹ̀ máa gbọ́ ohun tẹ́nu rẹ̀ ń sọ. Bó bá jẹ́ aago méjìlá òru ló ń sùn, àkókò tó ń sùn lálẹ́ ló yẹ kó yí padà, kì í ṣe àkókò tó ń jí ní ìdájí.

Bí ọjọ́ kan bá fò ó, kó má san gbèsè. Ogún ìṣẹ́jú tó fẹ́ fi dí ti àná á di ọgbọ̀n bó bá tún fò, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jáwọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tòní nìkan ni kó gbà. Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ bá sì tán lẹ́nu, kó fi Sáàmù tó kà gbàdúrà, gbólóhùn kan lẹ́yìn òmíràn.

Ẹ̀yin olùṣọ́-àgùntàn, ẹ ò ṣe fi ọjọ́ Ìsinmi kan kọ́ ìjọ ní èyí? Ẹ pa ẹ̀rọ amóhùnbúgbàù, kí olúkúlùkù wá igun tirẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ má pe kókó àdúrà kankan fún wọn.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi kan,
Òṣogbo.