Ta Ló Ní Jiu-Jitsu Ò Yẹ Ọmọbìnrin?

Ọ̀gá Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Kubwa níbí l'Abuja ni mo ti ń kọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́ jáde torí ọ̀rọ̀ yìí dùn mí dénú. Lọ́sẹ̀ tó kọjá bàbá kan kọ̀wé sí yín pé òbí tó bá jẹ́ kí ọmọ ẹ̀ obìnrin kọ́ ìjà ti ba ayé ọmọ náà jẹ́, pé ilé ọmọ á bàjẹ́ nínú ẹ̀, pé kò ní rọ́kọ fẹ́. Ọmọ ọdún 13 ni ọmọ mi obìnrin, gbogbo Sátidé ló ń lọ kọ́ jiu-jitsu, irú ìjàkadì kan, ní Gwarinpa, èmi ni mò ń gbé e lọ, èmi náà ni mò ń san owó ẹ̀, torí náà èmi gan-an ni Bàbá ń bá wí.

Bàbá, ẹ má bínú, ẹ jẹ́ kí n sọ ti Mackenzie Dern, obìnrin kan tó ń ja jiu-jitsu, fún yín. Phoenix l'Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1993, bàbá ẹ̀ ọmọ Brazil ni, Wellington Dias tí wọ́n ń pè ní Megaton, ẹni bẹ́líìtì dúdú, ìyẹn àmì àwọn tó ti di ọ̀gá nínú jiu-jitsu. Ọmọ ọdún 3 ni ọmọ náà nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í gun orí máàtì. Ọdún 3 o! Lọ́dún 2012, nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 19, òun náà gba bẹ́líìtì dúdú, bẹ́ẹ̀ funfun lèèyàn fi ń bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ àgbà ló sì ń lo nǹkan bí ọdún mẹ́wàá kí wọ́n tó débẹ̀.

Ẹni tí ò bá mọ̀ ọ́n á rò pé ẹ̀ṣẹ́ ni wọ́n ń kó bo ara wọn bíi ti dambe, ìjà ẹ̀ṣẹ́ àwọn Hausa, tó wà ní Dei-Dei. Rárá, kò sí ẹ̀ṣẹ́ nínú jiu-jitsu, kò sí tàpá. Wàá gbá ẹni yẹn mú, wàá gbé e lulẹ̀, wàá fi ẹsẹ̀ àti ìbàdí dè é mọ́lẹ̀ títí wàá fi rí apá ẹ̀ kan ká tàbí kó o fún un lọ́rùn, tó bá ti fọwọ́ ta ọ́ lára pẹ́pẹ́, o gbọ́dọ̀ tú u sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ohun tó wú mi lórí jù níbẹ̀ ni pé nínú ìjàkadì tiwa, tí ẹ̀yìn ẹni bá ti kan ilẹ̀, ó ti parí nìyẹn, àmọ́ nínú jiu-jitsu ẹni tó fẹ̀yìn lélẹ̀ lè wà nísàlẹ̀ kó sì máa borí ẹni tó wà lókè. Màlámù tó ń ṣọ́ géètì wa, ọmọ Jigawa tó ti ja kokawa, ìjàkadì àwọn Hausa, dáadáa nígbà ọ̀dọ́ ẹ̀, kò kọ́kọ́ gbà, ó ní ẹni tó ti ṣubú ti ṣubú, ìgbà tí ọmọ mi fi ẹsẹ̀ méjèèjì ká ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ọkùnrin mọ́ lójú ẹ̀, tó dorí ẹ̀ kodò, ló tó pariwo.

Irú ìjà yìí ni Mackenzie fi borí Gabi Garcia, obìnrin oníjà bíi tiẹ̀, ní Abu Dhabi lọ́dún 2015. Gabi ga ju ẹsẹ̀ bàtà 6 lọ, ó ti gba ADCC, ìdíje ìjàkadì ńlá kan, ní 2011 àti 2013, Mackenzie ò ju ẹsẹ̀ bàtà 5 àti íǹṣì 4 lọ, ìdíje tí wọn kì í wo ìwọ̀n ara ni. Ọdún yẹn náà ni Mackenzie gba ife àgbáyé jiu-jitsu, tó tún gba ADCC ní São Paulo.

Lẹ́yìn ẹ̀ ló bọ́ sí UFC, níbi tí wọ́n ti ń pa ẹ̀ṣẹ́, ìpá àti ìjàkadì pọ̀, ní 2018, ibẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ́ ti wọ̀ ọ́. Kò rọrùn fún un, nígbà ìjà kejì tó jà níbẹ̀, ara ẹ̀ wúwo ju ìwọ̀n tí wọ́n fàyè gbà lọ, wọ́n sọ̀rọ̀ sí i gan-an. Ní ti ilé ọmọ tí ẹ ń sọ, Bàbá, oṣù June 2019 ló bí ọmọ ẹ̀ obìnrin, nígbà tó fi máa di October ó ti padà sẹ́nu ìjà. Oṣù mẹ́rin péré! Èmi tí mo bímọ mẹ́ta mọ bí ara ṣe ń rí lóṣù kẹrin, ẹ̀yìn ń dunni, ọmú ń kún, oorun ò tó, mi ò sì ní kí gbogbo abiyamọ ṣe bẹ́ẹ̀. Amanda Ribas ló borí ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni máa borí ẹ̀ látìgbà tó ti ń ja irú ìjà yẹn. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ó ká ẹsẹ̀ Hannah Cifers títí Hannah fi fọwọ́ ta á lára pé òun ti gbà, obìnrin kankan ò sì tíì fi ẹsẹ̀ kíká borí rí nínú UFC kó tó dìgbà yẹn. Ní January 2025 òun àti Ribas tún pàdé, apá ni Mackenzie ká lọ́tẹ̀ yìí. Nígbà tó di October 25 ọdún yẹn kan náà ó borí Virna Jandiroba, ó gba bẹ́líìtì olúborí UFC, ní Abu Dhabi náà, lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá tó borí Gabi níbẹ̀. Orí fóònù lèmi àti ọmọ mi ti jọ wò ó, mo sunkún.

Ohun tí Bàbá kọ yẹn, wọ́n ti fi ṣòfin rí ní Brazil níbi tí jiu-jitsu yìí ti gbilẹ̀. Lọ́dún 1941 ìjọba wọn ní kí obìnrin má ṣe eré ìdárayá tí ò bá ẹ̀dá wọn mu, ọdún 1979 ni wọ́n tó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ẹ̀. Ọdún 1990 ni Yvone Duarte di obìnrin àkọ́kọ́ tó gba bẹ́líìtì dúdú jiu-jitsu. Ẹ wo iye ọmọbìnrin tí àkókò wọn ti kọjá lọ láàárín yẹn.

Ẹ̀yin olóòtú náà, ẹjọ́ yín wà níbẹ̀. Ojú ewé eré ìdárayá yín kún fún bọ́ọ̀lù àwọn òyìnbó láti òkè délẹ̀, tìjà Abu Dhabi yẹn, ìlà kan mi ò rí. Ọmọ Yorùbá ni Odunayo Adekuoroye, ọmọ ìpínlẹ̀ Ondo, ó gba góòlù ìjàkadì Commonwealth ní 2014, 2018 àti 2022, tí mo bá bi àwọn ọmọ àdúgbò wa wọn ò mọ̀ ọ́n, wọ́n mọ orúkọ ẹni tó ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì Arsenal. Ẹ fún wa ní ìdajì ojú ewé lọ́sẹ̀ kan, ẹ bá wa kọ nípa àwọn obìnrin yìí, ẹ gbé fọ́tò wọn síbẹ̀ kí àwọn ọmọ lè gé e lẹ̀ mọ́ ògiri.

Tí Bàbá tó kọ̀wé yẹn bá wà l'Abuja, kí wọ́n wá wo ọmọ mi ní Sátidé kan, aago 9 àárọ̀ ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀, àga wà níbẹ̀ fáwọn òbí.

Èmi ni ìyá ọmọ kan,
Kubwa, Abuja.