Lẹ́tà sí àbúrò mi ní Marsa

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Fótò tí o fi ránṣẹ́ láti Marsaxlokk ti dé. Màmá wo àwọn ọkọ̀ apẹja yẹn títí, ó ní kí ló dé tí wọ́n ya ojú sí wọn níwájú, àbí ọkọ̀ náà ń wo èèyàn ni? Mi ò sọ fún un pé etíkun yẹn ni ogun gbà wọ Malta ní oṣù karùn-ún ọdún 1565. O mọ màmá. Tó bá gbọ́ ogun, kò ní sùn.

Ogun Súlútáánì Suleiman, ọba ilẹ̀ Ottoman (àwọn ará Tọ́kì), ni. Ọjọ́ 18 oṣù náà ni ọkọ̀ wọn yọ lókèèrè, wọ́n tó bíi 200. Jean de Valette, olórí àwọn ajagun onígbàgbọ́ tó ń ṣàkóso erékùṣù náà, ti gbọ́ pé wọ́n ń bọ̀. Ó ti ní kí wọ́n ká ọkà lóko, àtèyí tó gbó àtèyí tí kò gbó, kí àwọn ará oko sì wọ inú odi. Lẹ́yìn náà ni wọ́n da májèlé sínú kànga Marsa.

Bẹ́ẹ̀ ni, Marsa tìrẹ, tí o ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀ ju eruku àti ariwo mọ́tò lọ. Ibi tí ẹ ti ń dúró ní ìdájí, tí ẹ ń retí ẹni tó máa wá gbé yín lọ ṣe lébìrà, agbègbè yẹn ni àwọn ọmọ ogun náà pàgọ́ sí, torí omi. Erékùṣù tí kò ní odò kan! Ìwọ náà ní omi ẹ̀rọ ibẹ̀ ń ta iyọ̀ lẹ́nu, inú ike lẹ ti ń ra èyí tí ẹ ń mu. Wá wo ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkùnrin nínú ooru oṣù keje, tí ìgbẹ́ ọ̀rìn ń dá wọn dùbúlẹ̀. Síbẹ̀, mi ò lè yin ẹni tó ba kànga jẹ́. Àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ló ń mu omi yẹn tẹ́lẹ̀.

Àwọn olórí ogun Suleiman náà kò rẹ́. Mustafa Pasha ló ni ọmọ ogun orí ilẹ̀, Piali Pasha ló ni ọkọ̀, àgbò méjì kì í sì í mumi nínú koto kan. Mustafa fẹ́ kọ́kọ́ gba Mdina, ìlú olódi tó wà láàárín erékùṣù náà. Piali ní ẹ̀fúùfù á ba ọkọ̀ òun jẹ́, èbúté Marsamxett lòun fẹ́. Odi kékeré kan, St Elmo, ló ń ṣọ́ ẹnu èbúté náà. Wọ́n rò pé ọjọ́ díẹ̀ ni. Ọjọ́ 23 oṣù kẹfà ló tó bọ́ sí wọn lọ́wọ́, ó sì ti gba ẹ̀mí Turgut Reis, àgbà ọ̀gá ojú omi wọn. Nígbà tí ìrànwọ́ dé fún àwọn ará Malta láti Sicily ní oṣù kẹsàn-án, àwọn tó kù nínú ọmọ ogun Suleiman wọkọ̀, wọ́n lọ.

Tí o bá dúró níbẹ̀ lọ́la, ya fótò ilẹ̀ yẹn fún mi. Màmá ní kí o gbé omi dání.

Ẹ̀gbọ́n rẹ