Lẹ́tà sí Bàbá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ lórí ọ̀rọ̀ Àbẹ̀kẹ́

Leeds,
Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja kí yín, mo sì kí Màmá àti gbogbo ará ilé. Mo gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ sọ sórí fóònù fi ránṣẹ́ sí mi nípa Àbẹ̀kẹ́. Ẹ ní kí èmi tí mo jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá a wí, kí n sọ fún un pé kí ó fi iṣẹ́ sólà, iná oòrùn tí ó ń gbé sórí òrùlé ilé onílé, sílẹ̀, kí ó kó kúrò nínú yàrá tí ó gbà sí àdúgbò Under-G, kí ó sì padà sílé títí ọkọ yóò fi dé, nítorí pé ẹnu àwọn ará àdúgbò kò kúrò lára wa mọ́. Bàbá, ẹ má bínú, n kò lè jẹ́ iṣẹ́ yìí. Mo yàn láti kọ ìdí rẹ̀ sínú lẹ́tà kí ẹ lè kà á ní àkàtúnkà.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ìwé tí ọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì kan, John Stuart Mill, gbé jáde ní ọdún 1859 lórí òmìnira ẹni kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe ìjọba nìkan ni ó ní kí a máa ṣọ́ra fún. Ó ní ìlú fúnra rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn àti ojú burúkú, lè de ènìyàn mọ́lẹ̀ ju òfin lọ, nítorí pé ó máa ń wọ inú gbogbo kọ̀rọ̀ ìgbésí ayé ẹni, ibi tí a ó sá sí fún un kò sì pọ̀. Ìlànà tí ó fi lélẹ̀ ni pé ìdí kan ṣoṣo tí a fi lè fi agbára dá àgbàlagbà tí orí rẹ̀ pé dúró ni pé ohun tí ó ń ṣe yóò pa ẹlòmíràn lára. Pé ire tirẹ̀ ni a ń wá fún un kò tó.

Ta wá ni Àbẹ̀kẹ́ pa lára? Ó fi fídíò iṣẹ́ kan tí ó ṣe ní Apáàkẹ́ ránṣẹ́ sí mi. Ó wọ ṣòkòtò, ó so okùn mọ́ ìbàdí, kò sì fi ẹsẹ̀ tẹ páànù níbikíbi bí kò ṣe lórí ìlà ìṣó, níbi tí igi òrùlé wà lábẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ó sì ṣe rìn dé òkè pátápátá. Nígbà tí ó sọ̀kalẹ̀, ìyá tí ó ń ta omi tútù nínú ilé náà gbé ọwọ́ lé fíríìsà rẹ̀, ó gbọ́ pé ó ń ké, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúrà fún un. Ẹ ní páànù lè já. Ẹ̀rù yẹn ń bà mí náà. Mill sọ̀rọ̀ nípa afárá tí kò dúró ire mọ́: bí ẹni tí kò mọ̀ bá fẹ́ gba orí rẹ̀ kọjá, tí kò sì sí àyè láti kìlọ̀ fún un, a lè dì í mú; ṣùgbọ́n bí ó bá mọ ewu rẹ̀, tí ó sì tún fẹ́ kọjá, ìkìlọ̀ ni tiwa, ìpinnu ni tirẹ̀. Àbẹ̀kẹ́ mọ orí òrùlé ju gbogbo wa lọ.

Ìtìjú ni ó wá kù. Mo mọ̀ pé ìtìjú kì í ṣe nǹkan kékeré nílẹ̀ wa. Síbẹ̀, bí ojú bá ń ti Ìyá Màsífà nítorí pé ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń gun àkàbà, kò sí ohun tí ó kúrò lọ́wọ́ Ìyá Màsífà. Bí Àbẹ̀kẹ́ bá gba owó oníbàárà tí kò ṣe iṣẹ́, tàbí kí ó jẹ owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí Màmá dúró fún un, ìyẹn yàtọ̀, ẹbí sì ní ẹ̀tọ́ láti pè é jókòó.

Mo mọ̀ pé ẹ ó sọ pé òyìnbó ti kó sí mi lórí. N kò gba ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí lódindi. Láti 1823 títí di 1858 ni ó fi ṣiṣẹ́ fún East India Company, ilé-iṣẹ́ tí ó jẹ gàba lórí Íńdíà, inú ìwé kan náà tí ó ti ń gbèjà òmìnira ni ó sì ti kọ ọ́ pé òmìnira yìí kì í ṣe ti àwọn ènìyàn tí ó kà sí aláìlajú, pé a lè fi àṣẹ ìkanra darí wọn bí ó bá jẹ́ fún àtúnṣe wọn. Kò sí àní-àní pé ìbá ka àwa náà mọ́ wọn. Ó bí mi nínú nígbà tí mo kà á, ó sì ń bí mi nínú di òní. Ṣùgbọ́n bí òun bá ti ilẹ̀kùn mọ́ wa, kò yẹ kí a bá a ti ilẹ̀kùn náà mọ́ ọmọ wa obìnrin. Ní ti obìnrin, ó tiẹ̀ ṣe dáadáa jù bẹ́ẹ̀ lọ: ní 1867 ó bèèrè nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin pé kí obìnrin náà máa dìbò, ènìyàn 73 gbè é, 196 kọ̀. Àwọn 196 wọ̀nyẹn náà rò pé àṣà ni àwọn ń dáàbò bò.

Kí a tilẹ̀ fi òyìnbó sílẹ̀. Ẹ̀yin ni ẹ sọ fún mi pé nígbà tí Bàbá àgbà fi oko iṣu sílẹ̀ lọ ṣòwò ní Tamale, bàbá wọn kọ̀ láti bá wọn sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni ó rin ìrìn yẹn, títí tí ìjọba Gánà fi lé àwọn àjèjì ní òpin ọdún 1969, ìrìn náà ni a sì fi ń yangàn lónìí níbi ìnáwó. Nígbà tí Bowen, míṣọ́nnárì ará Amẹ́ríkà, mú ìwàásù Ìjọ Onítẹ̀bọmi dé Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1855, àwọn tí ó kọ́kọ́ tẹ̀lé e ṣe ohun tí baba wọn kò ṣe rí. Bí wọ́n bá ti tẹrí ba fún ẹnu ayé ni, ìjọ tí ẹ jẹ́ díákónì nínú rẹ̀ kì bá tí sí. Kódà àwọn tí kò tẹ̀lé Bowen gbà pé olúkúlùkù ni ó kúnlẹ̀ yan orí tirẹ̀ kí ó tó dé ayé. Wọn kò sọ pé ẹbí ni ó bá a yàn án.

N kò bẹ̀ yín pé kí ẹ dákẹ́. Ní ibí yìí, ènìyàn lè ṣàìsàn kí ẹni tí ògiri kan ṣoṣo là wọ́n láàrin má bèèrè rẹ̀, n kò sì fẹ́ irú rẹ̀ fún wa. Mill pàápàá ní a lè gba ẹni tí ọ̀nà rẹ̀ kò tẹ́ wa lọ́rùn níyànjú, kí a bá a jiyàn, kí a bẹ̀ ẹ́. Àfipá mú un ni kò gbà. Ẹ gbà á níyànjú, Bàbá. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹbí lọ kó ẹrù rẹ̀ ní Under-G gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń sọ, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n jókòó lé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Bí ìpàdé bá dé, kí ó wà níbẹ̀, kí ó sì kọ́kọ́ sọ tẹnu rẹ̀ kí àgbà kankan tó dáhùn.

Bí ẹ bá sì rí ohun kan pàtó tí ó ń ṣe tí ó pa ẹlòmíràn lára, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi. Èmi fúnra mi ni yóò bá a wí.

Ọmọ yín,
Àjàní.