Ẹ Jẹ́ Kí Abẹ́rẹ́ Filgrastim Wà Nítòsí Àwọn Tó Ń Gba Kímò

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Mo kí yín fún iṣẹ́ takuntakun tí ẹ ń ṣe lójú ìwé ìlera yín. Ohun tó mú mi kọ lẹ́tà yìí ni pé nígbàkigbà tí ọ̀rọ̀ àrùn jẹjẹrẹ bá délẹ̀, oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ nìkan ni gbogbo wa máa ń sọ, bẹ́ẹ̀ purotéènì kan wà tí kì í pa jẹjẹrẹ rárá, tó jẹ́ pé òun ni ọ̀pọ̀ aláìsàn fi ń lè parí ìtọ́jú wọn láàyè. G-CSF ni orúkọ rẹ̀. Èyí tí wọ́n ṣe ní oògùn ni à ń pè ní filgrastim.

Kò sí ẹni tí purotéènì yìí kò sí lára rẹ̀. Òun ló ń ta mùdùnmúdùn inú egungun jí kí ó lè pèsè neutrophil, ìyẹn irú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun tó máa ń kọ́kọ́ dojú kọ bakitéríà tó bá wọ ara. Kímò, ìyẹn oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ, ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ nítorí pé sẹ́ẹ̀lì náà ń pọ̀ sí i kíákíá, ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì inú mùdùnmúdùn náà ń pọ̀ sí i kíákíá, kò sì yọ ọ́ sílẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì lẹ́yìn ìtọ́jú, neutrophil lè má tó 500 mọ́ nínú máíkírólítà ẹ̀jẹ̀ kan (ẹ̀kán kékeré gan-an), bakitéríà tí ara ì bá ṣẹ́gun wẹ́rẹ́ á sì di ohun tó ń pa èèyàn. Ibẹ̀ ni filgrastim ti wúlò: ó ń mú kí neutrophil tètè pọ̀ padà. (Ọ̀pọ̀ wa ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni neutrophil wa kéré díẹ̀ sí ti àwọn aláwọ̀ funfun láti ìbí, láìsí àìsàn kankan, nítorí náà ó yẹ kí dókítà mọ iye tó wà lára aláìsàn kí kímò tó bẹ̀rẹ̀.)

Lẹ́yìn tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Donald Metcalf àti Nicos Nicola ti yọ G-CSF ti eku sọ́tọ̀ ní Melbourne, ní Ọsirélíà, lọ́dún 1983, Karl Welte àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní New York yọ ti ènìyàn sọ́tọ̀ lọ́dún 1985. Inú omi tí wọ́n fi ń tọ́ sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀ ni wọ́n ti rí i, ohun tó ṣì ń yà mí lẹ́nu títí di òní. Lọ́dún 1986, ikọ̀ Shigekazu Nagata ní Tokyo àti ilé iṣẹ́ apòògùn Amgen ní California rí jíìnì rẹ̀, ìyẹn ìlànà inú sẹ́ẹ̀lì tí ara fi ń ṣe é. Amgen fi jíìnì náà sínú bakitéríà E. coli, bakitéríà wá ń ṣe purotéènì ènìyàn. Amínò ásíìdì (àwọn ẹyọ tó para pọ̀ di purotéènì) 175 ló wà nínú filgrastim yìí: 174 bí ti ara wa gan-an, àti ẹyọ kan tí wọ́n fi kún un níwájú. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i lọ́dún 1991, àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú rẹ̀ fún ilẹ̀ Yúróòpù láti 2008, owó rẹ̀ sì wálẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé fi í sínú àkójọ àwọn oògùn kòṣeémáàní lọ́dún 2015.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ń dùn mí jù ni ti ibà. Ní ilẹ̀ wa, bí ara bá gbóná, oògùn ibà ẹ̀fọn la óò kọ́kọ́ rà ní kẹ́míìsì, a ó sì dúró di ọ̀túnla kí á tó wí fún dókítà. Ẹni tó ń gba kímò kò ní ọjọ́ méjì yẹn láti dúró. Bí tẹmọ́mítà bá fi 38.3°C hàn, tàbí tó wà lórí 38 fún wákàtí kan, ilé ìwòsàn ni kó gbà lọ lójú ẹsẹ̀, ìbáà jẹ́ lóru, kí wọ́n lè fa oògùn apabakitéríà sí i níṣan. Filgrastim kò lè rọ́pò oògùn yẹn. Tirẹ̀ ni pé kí ọ̀rọ̀ má tilẹ̀ dé ibẹ̀, ìdí nìyí tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nígbà tó bá pé wákàtí 24, ó kéré tán, lẹ́yìn kímò. Gbogbo aláìsàn kọ́ ló nílò rẹ̀, egungun sì lè máa dun ẹni tó ń gbà á, ṣùgbọ́n ẹni tí dókítà bá kọ ọ́ fún gbọ́dọ̀ rí i gbà tán. Lẹ́nu iṣẹ́ mi gẹ́gẹ́ bí apòògùn, mo ti rí àwọn tó ní kí n ta ìdajì iye tí dókítà kọ fún wọn, nítorí owó.

Àárín ìwọ̀n òtútù 2°C sí 8°C ni abẹ́rẹ́ náà gbọ́dọ̀ wà. Kò gbọ́dọ̀ dì, a kì í sì í mì ín. Ẹni tó bá gbé e sínú ọ̀rá, tó wọ ọkọ̀ akérò nínú oòrùn, tó sì délé bá iná tó ti lọ látàárọ̀, lè máa fún ara rẹ̀ ní abẹ́rẹ́ tí agbára rẹ̀ ti dínkù.

Mo bẹ̀ yín, ẹ fi ọ̀rọ̀ ibà yìí sí ojú ìwé yín ní lẹ́tà gàdàgbà. Mo sì ń bẹ ìjọba àwọn ìpínlẹ̀ wa àti NHIA, àjọ ìbánigbófò ìlera ti ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà, pé kí wọ́n ra irú èyí tó dínwó, kí wọ́n fi í sábẹ́ ìbánigbófò, kí wọ́n sì gbé e sínú fíríìjì tó ń lo iná oòrùn ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba tó jìnnà sí ìlú ńlá, kí ẹni tó ti Ṣakí wá gba kímò ní Ìbàdàn lè padà sílé kí nọ́ọ̀sì sì máa fún un ní abẹ́rẹ́ rẹ̀ ní Ṣakí lójoojúmọ́.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Apòògùn kan, Ìbàdàn