Ẹ jẹ́ kí àgbẹ̀ náà gbọ́ àsọyé àjọ̀dún yunifásítì

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ọdún 1988 ni Ìjọba Àpapọ̀ dá Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta níbí, yóò sì pé 40 ọdún ní 2028. Kí ètò àjọ̀dún náà tó bẹ̀rẹ̀, mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí àsọyé àti ìjíròrò ìtagbangba.

Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ gíga, èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n fi ń ṣe é, ìkíni àwọn èèyàn pàtàkì a sì gba àkókò tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ìṣẹ́jú díẹ̀ ló ń ṣẹ́ kù fún ìbéèrè ará ìlú. Èyí dùn mí gidigidi, nítorí pé ìmọ̀ tí ó wà lẹ́nu àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n wọ̀nyí gan-an ni àgbẹ̀ tí ń gbin ẹ̀gẹ́ ní Ọdẹ́dá nílò, ẹni tí ewé ẹ̀gẹ́ rẹ̀ ń ká kò nítorí àrùn tí kòkòrò funfun kékeré ń gbé kiri láti oko dé oko.

Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí ìjíròrò kan, ó kéré tán, wáyé ní èdè Yorùbá, kí àgbẹ̀ kan àti obìnrin kan tí ń yan gàrí jókòó pẹ̀lú àwọn ọ̀mọ̀wé gẹ́gẹ́ bí olùjíròrò, kì í ṣe òǹwòran. Ìlú tí ìwé ìròyìn Yorùbá àkọ́kọ́ ti jáde ní 1859 lè ṣe èyí láìsí wàhálà. Kí rédíò yunifásítì náà gbé e sáfẹ́fẹ́ lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n sì ya ìdajì àkókò sọ́tọ̀ fún ìbéèrè.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín,
Abẹ́òkúta.